Iṣẹ́ Ṣe Yín Léṣe: Ohun Tí Ẹ Máa Ṣe Kí Ọjọ́ 14 Tó Pé

Ẹ̀rọ gé ìka, wọ́n gbé yín lọ sí kẹ́mísìtì, ọ̀gá fún yín ní ₦20,000, ó ní kí ẹ lọ fi ọ̀sẹ̀ kan sinmi nílé. Nígbà tí ẹ ó fi padà dé, ẹlòmíràn ti dúró nídìí ẹ̀rọ yín. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbọ́ pé owó kan wà tí òfin là sílẹ̀ fún ẹni tó bá ṣèṣe lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ sáré lọ béèrè, wọ́n ní, "Ìwé dà?" Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ń pin sí fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike lọ́nà Ọ̀tà. Nínú gbogbo àwọn tí mo bá kọ̀wé, kì í ṣe àwọn tí ọgbẹ́ wọn kéré ni owó bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Àwọn tí kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni.

Òfin tí mò ń sọ ni Employees' Compensation Act ti ọdún 2010. Àjọ ìjọba tó ń jẹ́ NSITF (Nigeria Social Insurance Trust Fund) ló ń bójú tó àpò owó náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní gbà-má-bínú, nítorí kì í ṣe àánú ọ̀gá. Oṣooṣù ló yẹ kí ọ̀gá máa san án sínú àpò náà, náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó tó ń san fún òṣìṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ lára owó yín.

Kí ẹ tó ní kò kàn yín

"Mi ò ní ìwé ìgbanisíṣẹ́." "Kọ̀ǹtíráàtì lásán ni mí." "Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sanwó fún mi." Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Òfin yìí ka ẹni tí wọ́n fẹnu lásán gbà síṣẹ́ kún òṣìṣẹ́. Ó ka ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ààbọ̀ ọjọ́, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ìgbà díẹ̀, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, títí kan ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í ṣe ẹbí ẹni tó gbà á. Ilé iṣẹ́ ìjọba wà níbẹ̀, ti aládàáni wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù kékeré tó ní òṣìṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Àwọn tó yọ sílẹ̀ ni ológun, àfi ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alágbádá láàárín wọn.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

- Ẹ̀rí pé ibẹ̀ lẹ ti ń ṣiṣẹ́. Káàdì ìdánimọ̀ dára. Bí kò bá sí, alẹ́ẹ̀tì báńkì oṣù mẹ́ta, tàbí fọ́tò ìwé tí ẹ fi ń sáìn wọlé láràárọ̀.
- Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù èèyàn méjì tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn. Nọ́ńbà tiwọn gan-an ni o, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́. Ẹlẹ́rìí tí wọ́n bá lé lọ lóṣù tó ń bọ̀ kò ní sí lórí fóònù ilé iṣẹ́ mọ́.
- Gbogbo ìwé ilé ìwòsàn pẹ̀lú rísíìtì oògùn.
- Fóònù tó lè ya fọ́tò.
- Ìwé àjákọ kékeré kan. Ẹ máa kọ ọjọ́, orúkọ ẹni tí ẹ bá sọ̀rọ̀, àti ohun tó sọ sínú rẹ̀.

Ìpele 1: Kí ẹ tó kúrò nílé ìwòsàn

Ìtọ́jú ló ṣáájú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá yín dúró nítorí fọ́tò. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí ẹnì kan tó kù sẹ́yìn ya ẹ̀rọ náà, ìdérí rẹ̀ bó bá ti ṣí sílẹ̀, ilẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀, kó tó di pé wọ́n fi omi fọ ibẹ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti so ìdérí tuntun mọ́ ẹ̀rọ kílẹ̀ tó mọ́.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà jù ni káàdì ilé ìwòsàn. Lóru ọjọ́ kan, ẹ̀rọ tó ń lọ ike gé ìka méjì lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tí a jọ wà lẹ́nu iṣẹ́. Súpáfáísọ̀ fi áńkáṣífù dì í lọ́wọ́, ó gbé e sọ́kọ̀, wọ́n dé ilé ìwòsàn ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìdájí. Nọ́ọ̀sì béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ yẹn ń gbọ̀n, kò lè sọ̀rọ̀. Súpáfáísọ̀ ló dáhùn: "Ọ̀kadà ló gbé e ṣubú, mà." Ohun tí nọ́ọ̀sì kọ nìyẹn. Oṣù mẹ́rin gbáko la fi ń wá bí a ó ṣe yí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn padà, títí dókítà kan tó ṣèèyàn fi kọ ìwé mìíràn pé ọgbẹ́ náà kò jọ ti ẹni tó já bọ́ lórí ọ̀kadà, pé ohun tó ní eyín ló gé e.

Torí náà, ẹ fi ẹnu ara yín sọ fún nọ́ọ̀sì. Bí ẹ kò bá lè sọ̀rọ̀, kí ará ilé yín sọ ọ́ ní kété tó bá ti débẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ka káàdì náà kí ẹ tó jáde. Ọjọ́ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ibi tó farapa lára gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ hàn pé ibi iṣẹ́ ló ti ṣẹlẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan nílé. Káàdì máa ń sọnù.

Ìpele 2: Ìwé tó gbọ́dọ̀ lọ kí ọjọ́ 14 tó pé

Gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ìpele yìí ni òpó rẹ̀. Òfin fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 14, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, láti fi tó ilé iṣẹ́ létí. Bó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ náà ti kú, àwọn tí olóògbé náà ń gbọ́ bùkátà wọn ló máa fi tó ilé iṣẹ́ létí.

Ta lẹ máa fún? Mánéjà, súpáfáísọ̀, ẹni tó ń tọ́jú àpótí oògùn níbi iṣẹ́, tàbí ẹni tó ń darí iṣẹ́ níbi tí ìjàmbá ti ṣẹlẹ̀. Ẹ ò nílò láti dúró de alága ilé iṣẹ́ tó wà lókè òkun.

Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ ò pọ̀: orúkọ yín, àkókò àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀, irú ọgbẹ́ tàbí àìsàn náà, àti ohun tó fà á bí ẹ bá mọ̀ ọ́n. Òfin fúnra rẹ̀ ní kó jẹ́ ọ̀rọ̀ tí gbogbo èèyàn ń sọ. Ẹ má wá gẹ̀ẹ́sì lọ́ọ̀yà kiri. Bí irú ìwé tí mo máa ń kọ ṣe rí nìyí:

"Orúkọ mi ni (ẹ kọ orúkọ yín). Ẹ̀rọ tó ń lọ ike ni mò ń ṣiṣẹ́ nídìí rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù Kẹta 2025, ní nǹkan bí agogo mẹ́ta òru, ike há sẹ́nu ẹ̀rọ náà nínú gbọ̀ngàn kejì. Bí mo ṣe ń yọ ọ́, ẹ̀rọ gbéra, ó gé ìka àárín àti èyí tó tẹ̀ lé e lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Súpáfáísọ̀ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ló gbé mi lọ sílé ìwòsàn. Èèyàn méjì tó ṣojú wọn ni (ẹ kọ orúkọ wọn). Mò ń fi èyí tó yín létí gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí."

Ó tán. Ẹ wo ohun tí kò sí níbẹ̀. Kò sí "àṣìṣe mi ni, ẹ ṣàánú mi," kò sì sí èébú. Ẹ kò ní láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọ̀gá ló jẹ̀bi kí owó yìí tó tọ́ sí yín. Pé ìjàmbá náà wá láti ẹnu iṣẹ́ ni kókó. Ẹ má fọwọ́ ara yín kọ ẹ̀bi sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò béèrè.

Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí méjì. Ẹ fún wọn ní ọ̀kan, kí wọ́n kọ orúkọ, ọjọ́, kí wọ́n sì fọwọ́ sí èkejì tó máa dúró lọ́wọ́ yín. Bí wọ́n bá kọ̀ tí wọn ò fọwọ́ sí i, èyí tó máa ń ṣẹlẹ̀ dáadáa, ẹ má bá wọn jà ní géètì. Ẹ ya fọ́tò ìwé náà, ẹ fi ránṣẹ́ sí mánéjà lórí WhatsApp àti ímeèlì, kí ẹ sì fi ojúlówó rẹ̀ rán ẹni tó ń gbé ìwé kiri tí yóò fún yín ní rísíìtì. Àmì aláwọ̀ búlúù méjì lórí WhatsApp ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn là lójú mi.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀: "Ọ̀gá ti mọ̀, òun náà ló gbé mi lọ sílé ìwòsàn." Òótọ́ ni pé bí ọjọ́ 14 bá ti kọjá, kì í ṣe pé ilẹ̀kùn ti tì pátápátá. NSITF lè gba ọ̀rọ̀ yín yẹ̀wò bó bá dá wọn lójú pé ilé iṣẹ́ mọ̀ nípa ìjàmbá náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé wọ́n mọ̀, ọ̀gá tó gbé yín lọ sílé ìwòsàn lónìí sì lè gbàgbé lọ́la.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: bí mo bá ní kí ẹ fi hàn mí báyìí pé ẹ ti fi tó wọn létí, ṣé ẹ lè nawọ́ mú ìwé tàbí fóònù kan? Bí ẹnu nìkan lẹ fi sọ ọ́, ẹ padà lọ kọ ọ́.

Ìpele 3: Ìròyìn tí ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ

Ilé iṣẹ́ náà ní ọjọ́ 7 láti fi ìròyìn ìjàmbá ránṣẹ́ sí NSITF. Bí ẹ̀mí bá lọ, lójú ẹsẹ̀ ni. Kí wọ́n má kọ ọ́, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin.

Ẹ lè fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ béèrè ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́ HR, ìyẹn ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Bí wọ́n bá ń lọ́ra, ẹ lọ sí ọ́fíìsì NSITF tó bá súnmọ́ yín pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé ọjọ́ 14, kí ẹ béèrè bóyá ìròyìn ti dé. Bí ẹ bá gbọ́ pé ilé iṣẹ́ yín ò tíì forúkọ sílẹ̀ rárá, ẹ má bínú padà sílé. Àìforúkọsílẹ̀ ọ̀gá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ìwé yín, kí wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ mọ ọjọ́ tí ìròyìn náà dé NSITF, tàbí ẹ ní òǹtẹ̀ tó fi hàn pé ẹ̀yin fúnra yín ti débẹ̀.

Ìpele 4: Fọ́ọ̀mù tiyín

Ọ̀pọ̀ ló rò pé ìròyìn ọ̀gá ti tó. Kò tó. Òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀, tàbí àwọn tó fi sáyé lọ, ló máa kọ fọ́ọ̀mù tí NSITF ṣe, tí wọ́n á sì fọwọ́ sí i. Ọdún kan ni gbèdéke, láti ọjọ́ tí ìjàmbá tàbí ikú náà ṣẹlẹ̀. Ọdún kan dà bí ohun tó pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ sílé ìwòsàn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kì í mọ ìgbà tó ń lọ.

Ohun tó máa ń dá fọ́ọ̀mù padà kì í sábà jẹ́ ohun ńlá. Orúkọ ni. Lórí NIN, Adébáyọ̀ ló ṣáájú. Ní báńkì, orúkọ bàbá ló ṣáájú. Lórí káàdì iṣẹ́, orúkọ ìnagijẹ ni wọ́n kọ. Ẹ mú gbogbo rẹ̀ bára mu kí ẹ tó lọ. Fún opó àti ọmọ, ẹ tètè wá ẹ̀rí ìgbéyàwó àti ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ. Mo ti rí ìyàwó tí wọ́n fẹ́ níṣu lọ́kà, tí gbogbo àdúgbò jẹ ìrẹsì ìgbéyàwó rẹ̀, tí kò ní ìwé kan ṣoṣo.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: nọ́ńbà tí wọ́n fi ń tọpa ọ̀rọ̀ yín wà nínú ìwé àjákọ, pẹ̀lú orúkọ òṣìṣẹ́ tó gbà á.

Ìpele 5: Ìwé tí ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ sí

Yóò dé. Nígbà mìíràn, orí ibùsùn ilé ìwòsàn ló máa ń bá èèyàn. Àpòòwé kan, ₦100,000 tàbí ₦150,000 nínú rẹ̀, àti ìwé tó ní: "Mo ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ mi, n kò tún ní béèrè ohunkóhun mọ́."

Òfin ò fi àyè gba àdéhùn tí òṣìṣẹ́ fi jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó máa fi àkókò yín ṣòfò, ó sì máa dá iyèméjì sílẹ̀. Bí ọ̀gá bá fẹ́ ràn yín lọ́wọ́, ẹ gbà á, kí ẹ dúpẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ máa kọ sórí rísíìtì ni "ìrànwọ́ fún owó oògùn." Kò gbọdọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Bí ebi bá ń pa yín débi pé ẹ fẹ́ fọwọ́ sí i ṣáá, n kò ní bá yín wí; ẹ kàn ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó dá a padà.

Ìpele 6: Ẹ ka ìdáhùn wọn pẹ̀lú ìṣirò

Owó ìtọ́jú ọ̀tọ̀, owó ìfarapa ọ̀tọ̀. Bí ìfarapa bá bá ẹ̀yà ara jẹ́ láìní àtúnṣe, wọ́n máa wo ìdá tó bàjẹ́ nínú àtẹ tó wà lẹ́yìn òfin náà.

Bí òṣìṣẹ́ bá kú tó fi aya tàbí ọkọ àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, ìdá 90 nínú 100 owó oṣù rẹ̀ ni wọ́n máa san fún wọn lóṣooṣù. Bó bá jẹ́ ọmọ kan, ìdá 85. Ká ní owó oṣù rẹ̀ jẹ́ ₦70,000, iye tí òfin owó oṣù tó kéré jù ti 2024 sọ: opó pẹ̀lú ọmọ méjì ń wo ₦63,000 lóṣù.

Ṣé ẹ wá rí ìdí tí mo fi ń pariwo alẹ́ẹ̀tì báńkì? Ilé iṣẹ́ tó ń fún yín ní ₦70,000 lè ti kọ ₦35,000 sínú ìwé tirẹ̀, tó ń pe ìyókù ní owó ọkọ̀. Bí iye tó wà nínú ìdáhùn bá kéré sí ohun tí ẹ ń gbà, alẹ́ẹ̀tì lẹ máa fi bá wọn sọ̀rọ̀.

Bí ìdáhùn náà ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ má fi falẹ̀: ẹ kọ̀wé sí NSITF pé kí wọ́n tún un wò, kí ẹ sọ ibi tí àṣìṣe wà. Lẹ́yìn ìyẹn ni National Industrial Court, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá. Wọ́n ní ẹ̀ka l'Ékòó, n'Íbàdàn àti l'Ákùrẹ́. Legal Aid Council ń ṣojú fún ẹni tí kò lówó, bẹ́ẹ̀ náà ni Office of the Public Defender l'Ékòó. Ohun kan ni o: bó bá jẹ́ ọ̀gá lẹ fẹ́ pè lẹ́jọ́ dípò kí ẹ gba owó NSITF, ẹ rí lọ́ọ̀yà kí ẹ tó kọ fọ́ọ̀mù, nítorí ọ̀nà méjèèjì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rìn pọ̀.

Àwọn ọ̀ràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀ sí i

Ojú ọ̀nà. Òfin ka ìjàmbá tó bá bá yín láàárín ibi iṣẹ́ àti ilé, tàbí ibi tí ẹ ti máa ń jẹun, tàbí ibi tí ẹ ti ń gba owó. Ṣùgbọ́n ó ní kí ọ̀gá ti mọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó kó kúrò ní Sango lọ sí Mówè láìsọ fún HR ti fún wọn ní àwáwí ọ̀fẹ́. Ẹ kọ àdírẹ́sì tuntun àti búkà tí ẹ ti ń jẹun ọ̀sán sínú ímeèlì lónìí. Wọ́n á rẹ́rìn-ín nípa búkà yẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ọpọlọ. Akáwó báńkì tí olè nàbọn sí, tí kò lè sùn mọ́, lè béèrè ẹ̀tọ́ lórí ìpayà náà bí dókítà bá jẹ́rìí sí i. Ẹni tí ìbànújẹ́ bá nítorí pé wọ́n fún un ní kúẹ́rì, wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn tàbí wọ́n dá a dúró, kò sí lábẹ́ rẹ̀.

Etí àti èémí. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́wàá dúró ti ẹ̀rọ aláriwo kò ní ọjọ́ kan tó lè nawọ́ sí pé ọjọ́ yìí ni. Ọjọ́ tí dókítà sọ fún yín pé iṣẹ́ ló fà á ni kí ẹ kọ sínú ìwé, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí ka 14 láti ibẹ̀.

Àwọn oníṣẹ́ orí áàpù. Èyí ló ń dùn mí jù. Ní 2018, National Industrial Court l'Ékòó ò gbà fún àwọn awakọ̀ Uber àti Taxify tó gbé ẹjọ́ wá pé òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà ni wọ́n. Torí náà, ẹni tó ń fi ọ̀kadà gbé ẹrù kiri fún áàpù kò lè fi ọkàn tán NSITF. Ẹ ra ìdáàbòbò ìjàmbá ara ẹni, ẹ̀yin méjìlá tí ẹ máa ń jókòó sábẹ́ afárá kan náà lè fi àjọ dá a sílẹ̀. Bí ìjàmbá bá sì ṣẹlẹ̀, ẹ ya fọ́tò ojú áàpù lójú ẹsẹ̀: iṣẹ́ tí ẹ ń jẹ́, aago, ibi tí ẹ ń lọ. Wọ́n lè ti àkáǹtì yín pa kílẹ̀ tó ṣú, gbogbo rẹ̀ á sì wọlé lọ. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù kan ló gbà yín, tó ń san owó oṣù fún yín, tó sì ni ọ̀kadà náà, òṣìṣẹ́ lẹ jẹ́ o. Ẹ padà sí ìpele 1.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọ̀gá

Òṣìṣẹ́ 40 tí ẹnìkọ̀ọ̀kan ń gba ₦70,000 jẹ́ ₦2,800,000 lóṣù. Náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ₦28,000, ìyẹn ₦700 lórí ẹnì kan. Ẹ san án, kí ẹ sì tọ́jú ìwé ẹ̀rí rẹ̀, nítorí wọ́n máa béèrè rẹ̀ bí ẹ bá ń wá kọ̀ǹtíráàtì ìjọba.

Ẹ wá fi ìwé kan kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó léwu jù, kí òṣìṣẹ́ máa kọ ohun tó kù díẹ̀ kó ṣẹlẹ̀, láìkọ orúkọ: ìdérí tó ń já, bọ́tìnnì ìdádúró tó há, iná tó ń ṣẹ́jú. Súpáfáísọ̀ ni kó kọ ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ kà á ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Bí ojú ewé bá mọ́ fínní fún oṣù kan gbáko, ẹ má tíì yọ̀. Ẹ̀rù ló ṣeé ṣe kó ń bà wọ́n láti kọ ọ́. Ẹ lọ bi ìyá tó ń gbálẹ̀. Òun ló mọ ibi tí epo ti ń jò.